Gìtá orí itan: bí mo ṣe ń fi pín písítìnì kọ́ blúùsì ní Kubwa

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ gángan rí, etí yín ti kọ́ ìdajì nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan gìtá rárá. Mi ò ṣàwàdà o. Gìtá tí gbogbo wa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, fréètì, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn ẹ̀, ló ń pín ohùn ẹ̀, ẹ tẹ okùn mọ́ ibí ó dún báyìí, ẹ sún lọ sí fréètì kejì ó dún bẹ́ẹ̀ yẹn, nǹkan tó wà láàárín méjèèjì ò kàn án. Gìtá orí itan ò gbọ́ irú ẹ̀. Ńṣe lẹ máa tẹ́ ẹ gbalaja sórí itan, ojú ẹ̀ á máa wo òkè àjà, ẹ ó wá gbé irin lé okùn, ẹ ó máa fà á lọ fà á bọ̀, ohùn á máa gòkè á máa sọ̀ bí ìgbà tí onílù bá fún ọṣán gángan mọ́ abíyá tó tún dẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ bẹ̀rù ẹ̀. Ohun tó máa ń já àwọn mìíràn láyà níbẹ̀, kéèyàn máa wá ohùn níbi tí ò sí àmì kankan, ojoojúmọ́ la fi ń ṣe é lẹ́nu.

Kubwa lẹ́bàá Àbújá ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nínú ìlú, tí mo bá fi máa jàjà bọ́ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọ̀nà ilé lálẹ́, ogún ìṣẹ́jú péré ló máa ń kù kí oorun tó gbé mi lọ. Torí náà gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ti ẹni tí ò ráyè ni, tí ò sì fẹ́ ná owó ilé ìwé ọmọ sórí gìtá. Kò nílò áńpù, kò nílò iná NEPA.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Ará Hawaii ló kọ́kọ́ tẹ́ gìtá sórí itan báyìí, orúkọ tí wọ́n máa ń dá jù ni Joseph Kekuku, láàárín 1880 sí 1890 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ̀ lórí okùn nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ilé ìwé, ní 1904 ó gba Amẹ́ríkà lọ. Lápá kejì, àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tó ni orin blúùsì, ti ń fi ọ̀bẹ àti ọrùn ìgò ṣe tiwọn: W.C. Handy sọ pé ní nǹkan bí 1903, ní ibùdó rélùwéè Tutwiler ní Mississippi, òun rí ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀bẹ tẹ okùn gìtá tó sì ń kọrin sí i, kò sì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọ̀nà méjèèjì wá pàdé lọ́wọ́ àwọn bíi Oscar "Buddy" Woods ní Shreveport àti Black Ace ará Texas, ẹni tó ń tẹ́ gìtá onírin sórí itan tó ń fi ìgò oògùn yọ̀ lórí ẹ̀. Black Ace yìí ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1937, ó tún ṣe òmíràn ní 1960. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lórí YouTube, àwọn tó kù lè dúró ná.

Àwa náà ò sì jìnnà sí i. Ohùn tó máa ń fà gùnùngùnùn lẹ́yìn King Sunny Adé nígbà tí wọ́n ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island ní 1982, Démọ́lá Adépọ̀jù ló wà nídìí ẹ̀, irin ló fi ń ṣe é. Tiẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó ní pẹ́dàlì tí wọ́n ń tẹ̀, tiwa ò ní, àmọ́ irin tó wà lọ́wọ́ òsì yẹn, ọ̀kan náà ni.

Gìtá wo?

Gìtá àlòkù tí gbogbo èèyàn ti kọ̀ sílẹ̀. Ọrùn ẹ̀ lè ti tẹ̀, fréètì ẹ̀ lè ti jẹ, okùn lè ti ga jù débi pé ọmọ kíláàsì gìtá á sunkún, gbogbo ìyẹn ò kàn wá torí a ò ní tẹ okùn mọ́ igi. Tèmi, inú sítọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti rí i, lẹ́yìn sípíkà tó ti jóná, ọ̀gá choir ní kí n máa gbé e lọ kí eku má baà fi í ṣelé. Nǹkan méjì péré ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ gìtá okùn irin, gìtá okùn ọ̀rá ò ní dún dáadáa, irin á kàn máa họ ọ́ ni. Ìkejì, ẹ wo bíríìjì, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tó di okùn mú nísàlẹ̀ níwájú ikùn gìtá, ẹ ki ọ̀bẹ tàbí bébà sí ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá wọlé, ó ti ń ṣí, ẹ fún un ní gọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó fi okùn kankan sí i.

Mo mọ̀ torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rí ẹnì kan lórí fóònù tó yí tiẹ̀ sí open E (ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá gbá gbogbo okùn lásán, wọ́n á bára mu lórí E), èmi náà fà á, okùn mẹ́ta lẹ máa fà sókè nínú ìyẹn, mo sì ti fi okùn tó nípọn sí i. Ní aago méjì òru, gbàù! Ìyàwó mi rò pé ìbọn ni. Bíríìjì ti fò kúrò lójú pákó, òun àti okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láti ọjọ́ yẹn, títú sílẹ̀ ni mò ń ṣe, mi ò fa nǹkan kan sókè mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní láti gbé okùn sókè. Tí okùn bá sún mọ́ fréètì, irin á máa gbá fréètì káká káká bí ẹni tó ń fi síbí gbo ìkòkò. Wọ́n ń ta irin kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé e, mi ò rí i rà nígbà yẹn, bọ́ọ̀tì ni mo lò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bọ́ọ̀tì, ẹ ní ẹ fẹ́ bọ́ọ̀tì nọ́ńbà 17, ìyẹn èyí tí sípánà 17 ń tú, ara ẹ̀ máa ń nípọn tó mílímítà 10. Kó jẹ́ èyí tó ní eyín, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, láti orí dé ìdí. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé e kó fẹ̀ tó ọrùn gìtá, ẹ fi fáìlì àti sàńpépà bá a ra ẹnu ibi tó gé. Ẹ tú okùn sílẹ̀, ẹ fi igi kékeré rọra gbá egungun funfun tó wà lókè ọrùn kúrò (pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, gọ́ọ̀mù ló dì í), ẹ tẹ́ bọ́ọ̀tì sípò ẹ̀, ẹ dá okùn padà. Eyín bọ́ọ̀tì náà ló máa di okùn mú kó má sá kiri, fífà okùn ló sì máa di bọ́ọ̀tì mú. Ẹni tí ò bá fẹ́ yọ egungun lè tẹ́ bọ́ọ̀tì síwájú ẹ̀, àmọ́ kó mọ̀ pé ìlà fréètì á máa purọ́ fún un díẹ̀: ní fréètì 12 (orí gìtá la ti ń kà á wá), ohùn tó tọ́ á wà ní bíi mílímítà méjì sí mẹ́ta kọjá ìlà, lápá bíríìjì.

Irin

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kan wà ní Apo tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ ní Àríwá ju ọjọ́ orí mi lọ. Nígbà tí mo ń wá irin tí màá máa fà lórí okùn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá pín inú písítìnì kan, àlòkù, èyí tí ò ní egbò lára." Ó ní, "Mọ́tò wo lo fẹ́ fi sí?" Mo ní gìtá ni. Ó wò mí títí. "Àbúrò, ṣé o sùn lánàá ṣá?" Ó fún mi ní mẹ́ta, kò gba kọ́bọ̀, ó ní kí n ṣáà wá lù ú fún òun tó bá dún.

Pín yẹn, irin róbótó tó di písítìnì mú nínú ẹ́ńjìnì, dáa gan-an, ẹ má fojú di í. Irin líle ni, ó ń dán bíi dígí torí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ẹ́ńjìnì ò gba kó ní họ́mọhọ̀mọ lára. Ti ọkọ̀ kékeré máa ń nípọn tó mílímítà 20 sí 22, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ó kàn bo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀ ni, kò ṣẹ́kù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ọ́, ẹ yí i gbiri lórí dígí, ẹ fi èékánná wá egbò lára ẹ̀, egbò tó kéré bí irun á sọ̀rọ̀ lórí okùn. Ihò ló wà nínú ẹ̀ torí náà kò wúwo tó èyí tí wọ́n ń tà, tẹ́ ẹ bá wá lówó lẹ́yìn ọ̀la, ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní Stevens, ó ní kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìka fi ń dì í mú, ọwọ́ á sinmi.

Ẹni tí ò tiẹ̀ ní gìtá rárá ńkọ́? Okùn kan tó. Àwọn ọmọdé Mississippi máa ń kan wáyà ìgbálẹ̀ mọ́ pákó tàbí mọ́ ògiri ilé, wọ́n á fi ìgò há a lábẹ́ kó lè le, wọ́n á fi ìgò mìíràn yọ̀ lórí ẹ̀, diddley bow ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní okùn kan kéré, ẹ rán an létí Dan Maraya Jos, olórin Hausa (1946 sí 2015), kuntigi olókùn kan ló fi la ayé já.

Yíyí okùn

Open D ni mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ choir á gbádùn ẹ̀ torí tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ gbá gbogbo okùn láìtẹ nǹkan kan, d s d m s d ló máa dún, láti orí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù. Lórúkọ gìtá: D A D F# A D. Láti ibi tí gìtá máa ń wà tẹ́lẹ̀, okùn kẹfà (èyí tó nípọn jù) kúrò ní E wá sí D, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹrin ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ̀kẹta kúrò ní G wá sí F#, ẹ̀kejì kúrò ní B wá sí A, ẹ̀kìíní kúrò ní E wá sí D. Títú ni gbogbo ẹ̀, kò sí fífà. Áàpù tíúnà ọ̀fẹ́ tó wà lórí fóònù á ṣe é. Tẹ́ ẹ bá yí i tán, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò torí okùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń yí padà.

Tí ẹ bá ra okùn tuntun, èyí tí wọ́n kọ 13 sí lára páálí ni kẹ́ ẹ mú, tí kò bá sí, 12. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù á máa tẹ̀ lábẹ́ irin, ohùn á sì máa lọ sókè láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: okùn kan péré

Ẹ jókòó sórí àga tí ò ní apá, ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Orí gìtá wà lápá òsì, okùn tó nípọn sún mọ́ ikùn yín, èyí tó tín-ín-rín wà lápá orúnkún. Ìka ìfábẹ̀lá wà lórí irin gbọnrangandan, àtàńpàkò àti ìka àárín di í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ gbé irin lé okùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ẹ̀ nìkan tó o. Gbogbo ẹni tó ti lu gìtá lásán rí ló máa ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti mọ́ wọn lára, odidi oṣù kan ló gbà mí kí n tó jáwọ́.

Lórí gìtá lásán, ẹ̀yìn fréètì la máa ń tẹ̀. Níbí, orí ìlà fréètì gan-an ni irin máa dúró, kì í ṣe ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú. Orí yín gbọ́dọ̀ wà lókè irin gangan kẹ́ ẹ tó fojú wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó máa jọ pé ó ti débẹ̀ nígbà tí kò tíì dé. Okùn kìíní nìkan: ẹ lù ú ní fréètì 12, ó gbọ́dọ̀ dún bí ìgbà tẹ́ ẹ bá lù ú lásán, kó kàn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ lù ú lásán, ẹ lù ú ní 12, ẹ lù ú lásán, ẹ lù ú ní 12, ẹ dijú. Lẹ́yìn ìyẹn 5, lẹ́yìn ìyẹn 7. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo mọ̀ pé ó súni. Ẹ fi okùn kẹrin lásán sí abẹ́ ẹ̀ kí D máa dún gbùùn nísàlẹ̀, etí á tètè mọ ìgbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ bára mu àti ìgbà tí wọ́n ń jà.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀rín kan fún yín: nígbà tí NEPA bá múná wá, sítábíláísà mi máa ń kùn, iná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbọ̀n àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì máa ń wà ní bíi 100 Hz, ìyẹn G tó ga díẹ̀. G yẹn ni fà tiwa nínú open D, fréètì 5 ló wà lórí okùn kìíní. Torí náà mo ní ẹni tó ń bá mi kọrin ọ̀fẹ́ nígbàkígbà tí iná bá dé, ó kàn ń kọ ọ́ sókè jù díẹ̀ bíi ti màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Pípa ohùn

Ibi tó ya ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń pariwo nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tí irin bá wà lórí okùn, apá méjèèjì okùn náà ló ń dún, èyí tó wà níwájú irin lápá bíríìjì ni a fẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn irin lápá orí gìtá náà á máa ké ṣíì ṣíì lábẹ́lẹ̀. Ìka òrùka àti ìka kékeré yín tí ò ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ wọn rèé: kí wọ́n máa wọ́ tẹ̀ lé irin lẹ́yìn, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ tó ń sùn. Tí irin bá lọ, àwọn náà lọ. Bí irin bá gbéra kúrò lórí okùn, ìka wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ kúrò gbẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn á dún "tíìn" tí ẹ ò bẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún náà ń pa. Lẹ́yìn tí àtàńpàkò bá ti lu okùn kan, ẹ jẹ́ kó padà wá bà lé e nígbà tẹ́ ẹ bá ti gbádùn ẹ̀ tán. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà lè sinmi lórí okùn nítòsí bíríìjì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa lu ohùn kan, máa ka mẹ́rin, máa pa á pátápátá, máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ fún mẹ́rin, kí n tó lu òmíràn. Blúùsì tí kò sí ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀, ariwo ọjà Wuse ni.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀

Èyí ni mi ò rí lọ́dọ̀ olùkọ́ kankan, fúnra mi ni mo hú u jáde, ó sì jẹ́ ohun tó tẹ̀ mí síwájú jù. Dò re mí tí mo fẹ́ sọ nísinsìnyí, ti àmì ohùn Yorùbá ni o, kì í ṣe ti choir. Lórí okùn kìíní, ẹ mú fréètì 10 bíi dò, 12 bíi re, 15 bíi mí. Ohùn mẹ́ta yìí wà nínú blúùsì D dáadáa: C, D, F. Ẹ wá sọ̀rọ̀. "Ọkọ" ni 12, 12. "Ọkọ́" tí wọ́n fi ń ro oko, 12, 15. "Ọkọ̀" tí à ń wọ̀, 12, 10. "Ọ̀kọ̀" tí wọ́n fi ń jagun, 10, 10. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́, kẹ́ ẹ lù ú, kẹ́ ẹ tún fi ẹnu sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń ṣe láìsọ fún wa. Ẹ sọ "rárá", ẹ wá sọ "rárà". Nínú èkejì, ohùn ò fò láti òkè bọ́ sílẹ̀, ńṣe ló yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ "ìlù" àti "ìlú": nínú "ìlú", ó yọ̀ gòkè. Irin yín gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Fún "rárà", ẹ lu 15, ẹ tún un lù kẹ́ ẹ sì máa fà á wálẹ̀ sí 10. Fún "ìlú", ẹ lu 10, ẹ tún un lù bó ṣe ń gun òkè lọ sí 15, ẹ má sáré. Bí èèyàn bá fà á yára jù, á jọ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, tó bá sì lọ́ra jù, á jọ ẹni tí oorun ń kùn.

Ìgbà tí mo padà sí Apo, mo gbé gìtá dání torí mo ti ṣèlérí. Mo jókòó sórí táyà, mo lu 10, 15, 10, 15, mo ń yọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ̀gbọ́n gbé sípánà sílẹ̀. Mo tún un lù. Ó ní, "Ajílété!" Mi ò sọ fún un pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń pè, òun ló gbọ́ ọ, òun náà ló sì dáhùn sí i.

Ohùn àárín

Ohùn kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni blúùsì. Lórí okùn kìíní, ẹ lọ sí fréètì 3, ẹ wá tì í díẹ̀ síwájú, kó má dé 4. Kò sí níbẹ̀ kò sí lọ́hùn-ún. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ò ní i. Àwọn onígòjé ní i, ẹ gbọ́ gòjé lẹ́yìn Yusuf Ọlátúnjí nínú sákárà ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí, àwọn onígòjé Hausa tó máa ń ṣeré níbi ayẹyẹ níhìn-ín náà kún fún un. Bí ohùn náà ṣe ń jókòó, ẹ má jẹ́ kó dúró gbagidi, ẹ jẹ́ kó máa sún sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa kú.

Nítòsí 12, òmíràn tún wà: okùn kẹta, ẹ gbé irin sí 11, ẹ lù ú, ẹ fà á wọ 12. Ẹ fi okùn kejì àti ìkíní tẹ̀ lé e ní 12 níbẹ̀. Ẹkún ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun ni. Ẹ lè máa fi ẹyọ kan yẹn ṣeré fún ìdajì wákàtí, kò ní sú yín.

Gbígbọ̀n náà, ìyẹn kéèyàn máa mi irin níbi tó wà, ẹ jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ̀n torí pé wọn ò rí ohùn tó tọ́, wọ́n ń fi gbígbọ̀n bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá yá, kó kéré, kó lọ síwájú kó padà sẹ́yìn bákan náà, kí ìlà fréètì wà láàárín.

Ilé méjìlá

12-bar ni wọ́n ń pè é, ilé ni mo ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé kan ni ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nínú open D, ìlẹ̀kùn mẹ́ta péré ló wà: lásán (tàbí 12), 5, àti 7. Irin bo gbogbo okùn, gbọnrangandan. Ilé mẹ́rin lásán. Ilé méjì ní 5. Ilé méjì lásán. Ilé kan ní 7, ilé kan ní 5, ilé kan lásán, ilé ìkẹyìn ní 7 láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kà á pẹ̀lú àtẹ́wọ́ láìfọwọ́ kan gìtá, torí ilé kẹsàn-án ni gbogbo èèyàn ti máa ń ṣìnà, èmi náà ń sáré níbẹ̀ títí di òní.

Àtàńpàkò ni onílù yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, okùn kẹfà, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà, ẹ̀kẹrin, kó má dúró kódà tí ìka tó kù bá gbàgbé iṣẹ́ wọn. Bí irin bá wà ní 5 tàbí 7, okùn kẹfà àti ẹ̀kẹrin náà wà lábẹ́ irin, bó ṣe yẹ nìyẹn. Kọ́ àtàńpàkò nìkan fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀.

Àdììtú kékeré kan: ní ìlẹ̀kùn èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá wà, ẹ padà sẹ́yìn fréètì méjì lórí okùn kìíní, ohùn kíkorò tí blúùsì fẹ́ràn wà níbẹ̀. Ní 12, ó wà ní 10. Ní 5, ó wà ní 3. Ní 7, ó wà ní 5. Ẹ fi dáhùn ohun tí ẹnu yín bá kọ. Ẹ kọ ìlà kan, gìtá dáhùn, ẹ tún ìlà náà kọ, gìtá dáhùn, ẹ wá kọ ìlà tó yàtọ̀, gìtá parí ẹ̀, ilé méjìlá ti pé. Tí gbogbo ohùn tẹ́ ẹ mọ̀ bá tán, ẹ lù dídákẹ́.

Fún ilé méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ gbé irin nàró díẹ̀ kí orí ẹ̀ nìkan kan okùn kìíní, ẹ lu 10, 9, 8, 7, ẹ jẹ́ kí àtàńpàkò máa lu okùn kẹrin lásán lábẹ́ wọn, ẹ wá tẹ́ irin lé gbogbo okùn ní 7. Ó dún bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ẹ gba ara yín sílẹ̀ sórí fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń dùn létí ẹni tó ń lù ú àti bó ṣe rí lóòótọ́, ọ̀nà jìn sáàárín wọn. Tí ó bá dùn yín pé ẹ ò tíì mọ nǹkan kan, ẹ gbọ́ Blind Willie Johnson, orin kan tó ṣe ní 1927 wà nínú àwo wúrà tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ Voyager lọ sójú òfuurufú ní 1977, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, ó kàn ń kùn ni, gìtá ń kùn tẹ̀ lé e. Fún ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bi mí bóyá blúùsì ò ní ba ìgbàgbọ́ jẹ́: ìjọ aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, House of God, wọ́n ti ń fi irin yọ̀ lórí gìtá báyìí ṣe ìyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Willie Eason wà lára àwọn àgbà ẹ̀, Robert Randolph náà ibẹ̀ ló ti jáde. Ẹ fi han pásítọ̀.

Ọyẹ́

Àbújá ò bá gìtá ṣeré tí ọyẹ́ bá dé. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ètè á là, pákó gìtá náà á là bákan náà. Ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri, ẹ má gbé e sábẹ́ fáànù, ẹ má fi sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò. Inú báàgì ẹ̀ ni kó máa sùn, kẹ́ ẹ wá ike ọṣẹ kan, ẹ lu ihò sí ìdérí ẹ̀, ẹ ki fóòmù tẹ́ ẹ rin tẹ́ ẹ sì ti fún gbẹ sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá, ẹ máa tún un rin lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Eruku ọyẹ́ náà ń bà lé okùn, irin á máa há. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kẹ́ ẹ tó lù ú àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lù ú tán. Tí òjò bá padà dé, ìpẹtà ni ìṣòro, ìpẹtà tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lórí okùn kìíní á máa họ lábẹ́ irin, ẹ pààrọ̀ okùn yẹn nìkan, ẹ ò ní láti ra odidi páálí. Ẹ tún máa wo bọ́ọ̀tì nígbà yẹn, tèmi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn díẹ̀díẹ̀, mo máa ń fi àtàńpàkò tì í padà kí n tó yí okùn.